Àwọn Lẹ́tà Páálí Tí Mo Ní Ó Sọnù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ tẹ́ ẹ wá kí mi. Dókítà ti sọ fún àbúrò mi pé ó ti tán lọ́wọ́ àwọn, èmi náà sì ti ń palẹ̀ mọ́. Ẹ yéé pè mí ní ọ̀gá àwọn tíṣà. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́rìnlélógún, mi ò fẹ́ gbé e lọ.

Ẹ ṣáà mọ kíláàsì mi. Mo bá ti ní, "Ẹ sọ ọ́ tẹ̀lé mi," àwọn ọmọ á dáhùn débi pé fèrèsé á máa gbọ̀n. Alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ohùn kan ṣoṣo. Bó ṣe yẹ kí kíláàsì rí nìyí." Orí mi á wú, mo sì rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Ọmọbìnrin kan máa ń jókòó lẹ́yìn, Jẹ́jẹ́ là ń pè é. Ó ń la ẹnu bíi ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tí mo bá dá òun nìkan dúró níwájú pátákó, kò ní dá lẹ́tà kan mọ̀. Mo bá gé páálí sí lẹ́tà, mo ní kó máa fi ìka tọ etí wọn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó to mẹ́ta pọ̀, ó fọwọ́ pa wọ́n lọ pa wọ́n bọ̀, ó ní, "Ilé. Tíṣà, ilé nìyí." Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ̀ pé ọmọ yẹn lè kàwé.

Làwọn ọmọ mọ́kànlá mìíràn bá ní àwọn náà fẹ́ páálí. Àwọn tí mo rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n kà ni o. Ẹnu lásán ni wọ́n ń fi tẹ̀lé ẹnu. Ẹ̀rù bà mí. Alábẹ̀wò ń bọ̀, á sì bá kíláàsì tó dákẹ́, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbéraga ni, ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un. Mo kó páálí náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì tì í. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ nawọ́, mo ní, "Ó ti sọnù." Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé, "A ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà. Ọmọ yìí kò lè kàwé." Èmi òpùrọ́.

Bàbá rẹ̀ wá, ó mú fìlà rẹ̀ dání. "Tíṣà, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, sà."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì lọ, ọmọ náà kò padà síléèwé mọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yàrá ilé ìwòsàn yìí fún mi ní ìwé kan. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kà á. Iléèwé ọmọ mi ló fi ránṣẹ́." Ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọbìnrin rẹ̀ kò lè kàwé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Jẹ́jẹ́ ò pariwo. Ó gbá ọ̀pá ìnulẹ̀ mú. "Kò sọnù nígbà náà," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a lábẹ́ àga."

Kò tíì ní òun dárí jì mí, ojú sì ń tì mí láti bi í. Àbúrò mi ti bá mi kó páálí náà wá, wọ́n wà nínú àpò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí. Bí ọ̀nà kan bá ṣiṣẹ́ fún ọmọ kan ṣoṣo, ẹ má pa á tì nítorí ohùn tó dùn létí àlejò. Ẹ bá mi kó wọn lọ fún ọmọ Jẹ́jẹ́, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta péré bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ náà.