“A Ti Gbọ́” Ni Bàbá Olódò Sọ

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Ohun tí mo ṣe yìí, ìyàwó mi kò mọ̀ ọ́n, pásítọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n. Ǹ bá gbé e lọ sí sàréè, ṣùgbọ́n wọ́n tún ti ń pè mí sí irú iṣẹ́ yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Tamale, ní àríwá Ghana, ni wọ́n bí mi sí, ní Sabonjida, àdúgbò tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni mò ń tà lọ́jà. Nígbà ọ̀dọ́ mi, mo máa ń gbé táyà àti ṣéènì kiri àwọn abúlé etí odò Fólítà, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ Dàgbánì, èdè wọn, yó. Ẹnu mi yá. Ẹnu yẹn náà ló kó bá mi.

Ibú kan wà nínú odò náà tí ọkọ̀ kì í wọ̀. Àwọ̀n kì í kan omi rẹ̀. Ibẹ̀ lẹja ti ń yé, láti ayé àwọn baba ńlá wọn ni wọ́n sì ti ń dáàbò bò ó. Bàbá àgbà kan ló ń ṣọ́ ọ, Bàbá Olódò ni mo máa ń pè é. Tí oòrùn bá pa mí, ilé rẹ̀ ni mo ti ń mumi. Á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Yorùbá, ṣé ẹja lo fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ fún ni?”

Ọdún tí ìjọba Ghana ní kí àlejò tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò sí níbẹ̀ kò lè mọ̀. Sabonjida dá páropáro. Ilé tá a ti jọ ń jẹ túwó, àgádágodo ló kù lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ìyàwó mi wà nínú oyún, èmi ò sì níwèé kankan. Ìlú tí wọ́n bí mi sí ni wọ́n ti ń pè mí lálejò, haba!

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá kan dé láti gúúsù. Wọ́n fẹ́ kọ́ èbúté síbi ibú náà, kí ọkọ̀ ojú omi elẹ́ńjìnnì lè máa gúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò gbọ́ Dàgbánì, ni wọ́n bá ní kí n wá ṣe ògbufọ̀. Inú mọ́tò ló ti wojú mi, ó ní, “Ọmọ Nàìjíríà ni ọ́, àbí? Ìwé rẹ ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ òní ná. Ara mi ò balẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Nígbà tá a dé abúlé, ọ̀gá sọ̀rọ̀ títí níwájú àwọn àgbà. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà ò mirí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó parí, Bàbá Olódò ní, “A ti gbọ́.” Ó tán.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá lọ tọrọ ìyàwó, tí àgbà ilé bá sọ fún yín pé àwọn ti gbọ́, ṣé ẹ máa lọ ra aṣọ ìgbéyàwó ni? Bó ṣe rí nílé wa ló rí lọ́dọ̀ tiwọn náà. Kíkọ̀ ni, wọ́n kàn fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́ ni. Mo mọ̀. Krìstẹ́nì ni mí, ṣùgbọ́n wàláì, mo mọ̀. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, “Ṣé wọ́n gbà?”

Mo ní, “Yẹ́sà, wọ́n gbà.”

Kò bi mí léèrè ìwé mọ́.

Wọ́n gé igi etí odò, wọ́n fọ́ àpáta. Ọkọ̀ dé, epo ń léfòó lójú omi. Ẹja lọ. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja tà di ẹni tó ń ṣẹ́gi tà. Ni abúlé bá dójú lé Bàbá Olódò. Wọ́n ní òun ló gbà, pé ó ti gba aṣọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá ní kọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pe ìpàdé lé e lórí, orí burúkú mi gbé mi kọjá níbẹ̀ pẹ̀lú ọjà. Ó rí mi. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Yorùbá nìyí! Òun ló bá wa túmọ̀. Ọmọ mi, sọ fún wọn, ṣé mo gbà?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Inú ń bí wọn, igi wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò mi.

Mo ní, “Bàbá, ó ti pẹ́. Mo ti gbàgbé.”

Kai! Ó jókòó. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni ò bá a jẹun mọ́. Wọ́n gba odò lọ́wọ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Èmi náà ò gba abúlé yẹn kọjá mọ́.

Wàyí o, lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́rìnlá, wọ́n tún fẹ́ kọ́ èbúté sí ibú kejì, èyí tó ṣẹ́kù fún ẹja. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ní àwọn ò gbà láéláé. Èsì tí àwọn ọ̀gá fún wọn ni pé àwọn àgbà wọn ṣáà gbà nígbà àkọ́kọ́. Ni àwọn ọ̀dọ́ náà bá wá sílé mi ní Changli, àdúgbò tí mò ń gbé báyìí, pẹ̀lú ẹyẹ awó méjì, pé kí n wá gbẹnu sọ fún wọn níwájú àwọn ọ̀gá lóṣù tó ń bọ̀. Bàbá Olódò ló rán wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kò lè dìde mọ́. Ó ní kí wọ́n sọ fún Yorùbá pé òun ò bínú, pé ẹni tó ń rìnrìn àjò púpọ̀ máa ń gbàgbé nǹkan.

Mo gba awó. Mo ní màá wá.

Tí mo bá jẹ́wọ́ níbẹ̀, bóyá wọn ò ní lè kọ́ èbúté náà, orúkọ bàbá yẹn á sì mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n lé àwọn ọmọ Ghana kúrò ní Nàìjíríà la wà yìí. Àwọn tó padà dé ń wo ẹni tó bá sọ Yorùbá lọ́jà bíi pé àwa la lé wọn. Kí wọ́n tún wá gbọ́ pé Yorùbá ló ta odò? Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Mo ti ń rò ó pé kí n sá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí n kò mọ ẹnì kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Wọ́n ní bàbá náà kò jẹun dáadáa mọ́, ó sì ń béèrè lójoojúmọ́ bóyá mo ti dé.