Omi Ẹsẹ̀ Hameedat

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Àkúrẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé mi, àti ìwọ Ọlábọ̀dé, àbúrò mi, ẹ gbọ́ mi. Irọ́ tí mo pa ti sú mi í gbé.

Ẹ mọ ìtàn tí mo tún sọ, ìtàn àtijọ́ àwọn ará Íńdíà. Alágbára kan jí ìyàwó ọba gbé, ọba jagun gbà á padà, ó wá ní kó wọnú iná kóun lè mọ̀ bóyá ara rẹ̀ mọ́. Mo jẹ́ kí obìnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ yìn mí, ẹ ní mo mọ ohun tó ń dun obìnrin. Àṣé ẹnu lásán ló dùn ún ròfọ́. Ìkà ni mí.

Kí n tó kọ ìwé náà tán, àwọn ajínigbé mú Hameedat, ìyàwó Ọlábọ̀dé, lójú ọ̀nà Oǹdó. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, Ọlábọ̀dé ṣì ní ọ̀rọ̀ láti parí ní àgọ́ ọlọ́pàá, ló bá ní kí awakọ̀ gbé e ṣíwájú wá sílé wa ní Arakale. Ó bẹ̀ mí lórí fóònù pé kí n wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń wẹ ti ìyàwó tuntun, kó lè mọ̀ pé ilé rẹ̀ ló padà sí. Mo gbé igbá omi. Màmá Kìtán, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, yọ́ sọ sí mi létí pé, "Bó bá ti gboyún wá ńkọ́?" N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó ti wà lọ́kàn tèmi náà tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Hameedat, kí n tó da omi yìí, fi Kùránì búra pé ọkùnrin kankan ò fọwọ́ kàn ọ́ nínú igbó."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ò bi mí bóyá mo jẹun. Ẹ ò bi mí bóyá wọ́n nà mí. Èyí lẹ rí bi mí?" Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ìgbàrà-Òkè. N kò pè é. Mo da omi náà sẹ́yìnkùlé.

Mo wá sọ fún Ọlábọ̀dé pé Hameedat ní kó má wá òun, pé ojú rẹ̀ á máa rán òun létí igbó. Ó gbà mí gbọ́, torí èmi ni mo tọ́ ọ. Hameedat náà sì rò pé ọkọ òun ló rán mi. Èyí tó burú jù ni pé mo mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, mo fi sẹ́nu ìyàwó ọba nínú ìwé mi. Bí mo bá ń kà á fún yín, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń pàtẹ́wọ́, èmi náà á sì tẹríba. Bí ọkọ̀ bá ń gbé mi gba Ìgbàrà-Òkè kọjá, gèlè ni mo fi ń bojú. Ojú ń tì mí.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹbí wa ń lọ tọrọ ìyàwó mìíràn fún Ọlábọ̀dé ní Oǹdó, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣaájú. Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Ọlábọ̀dé, ìyàwó rẹ ò kọ̀ ọ́, èmi ni mo lé e. Dárí jì mí bó bá ṣeé ṣe. Má lọ sí Oǹdó, lọ bá a ní Ìgbàrà-Òkè lónìí. Bó bá ní òun ò padà mọ́, má bá a jà. Bó bá sì ṣílẹ̀kùn fún ọ, má bi í ní nǹkan kan.