Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan Ni Ọlọ́run Fi Yọ Mí

Ẹ̀yin ará, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó rí ohun tó wà nínú àyà mi nígbà tí èmi tí mo ni àyà kò mọ nǹkan kan. Halelúyà!

Ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí èmi àti àìsàn ṣúgà ti jọ ń gbé. Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, tí ẹ ní kí àwa bàbá ìjọ sá eré lórí iyanrìn etí òkun ní Gonzagueville, inú mi dùn bíi tọmọdé. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ta ló tó bá mi sáré? Àwọn tó máa ń pariwo orúkọ mi lẹ́bàá pápá nígbà náà, púpọ̀ nínú wọn ti sùn nínú Olúwa. Mo kàn fẹ́ gbọ́ irú ariwo yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyàwó mi ló kọ̀ jálẹ̀. "Bàbá Títí, ẹ ò ní sáré kankan àfi tí dókítà bá fọwọ́ sí i."

Mo ní, "Ìyá Títí, ibo ló ń dùn mí?"

"Ṣé ó dìgbà tó bá dùn yín tán kí ẹ tó lọ?"

Ni mo bá wọ takisí ní Marcory, mò ń kùn.

Ní ọsibítù, wọ́n fi wáyà so àyà mi mọ́ ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n gbé mi gun kẹ̀kẹ́ kan tí kì í kúrò lójú kan. Mo wà á! Mo tún ń kọrin sí i. Àfi bí dókítà, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí ìyá rẹ̀, ṣe kígbe lójijì pé, "Pápá, arrêtez! Ẹ dúró!"

Inú bí mi. Mo ní, "Ṣé torí irun funfun yìí ni? Agbára ṣì wà lára mi o!"

Ó bi mí bóyá àyà ń dùn mí. Mo ní rárá, kò tiẹ̀ rẹ̀ mí.

Ó ní, "Pápá, ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn."

Ó fi ojú ẹ̀rọ hàn mí. Bí mo ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ yẹn kíkankíkan, ẹ̀jẹ̀ kò dé ọkàn mi tó. Ó ní bí ṣúgà bá pẹ́ lára, ó lè ba iṣan tó ń gbé ìrora jẹ́, kí ọkàn máa ké, kí ẹni tó ni ín má gbọ́. Ẹ̀yin ará, mo bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ kíá!

Wọ́n gba ọrùn ọwọ́ mi ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọ inú iṣan títí dé ọkàn. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá! Wọ́n ṣí i padà. Ìyá Títí ń gbàdúrà níta, àwọn nọ́ọ̀sì tí kò gbọ́ Yorùbá ń ṣe àmín.

Ọjọ́ ìkórè, orí àga ni mo jókòó sí tí mò ń wo Bàbá Sámù tó gba ipò kìíní. Ẹ rọra o, kò kúkú yára! Ṣùgbọ́n omijé ń bọ́ lójú mi. Ká ní mo sá eré yẹn ni, orin ìsìnkú ni ẹ̀ bá kọ lórí iyanrìn yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣúgà níhìn-ín, ẹ má dúró de ìrora. Ẹ bi dókítà yín bóyá àyẹ̀wò ọkàn tọ́ sí yín. Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà ló fún wọn ní ọgbọ́n yẹn, tirẹ̀ ni gbogbo ògo!

Dókítà ní mo ti lè jó báyìí. Ẹ̀yin akọrin, ẹ gbé e! Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí n dá jó o!