Oríkì Ọkọ Mi Lórí Òkú Ẹranko

Bọ̀wálé, jókòó, má sọ fún mi pé o ń kánjú, ṣé èmi kánjú lọ́jọ́ tó o wá bá mi ní Ìkòsí pé Mummy, ẹ wá bá wa sunkún nínú géèmù orí fóònù tá à ń ṣe? Ìwọ lo mú mi lọ sí Ifákọ̀. Ìwọ lo gbé mi síwájú aṣọ aláwọ̀ ewé, o ní kí n wo ilẹ̀, pé ọba ló kú síbẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ló máa ya ọba, á sì ya ààfin sẹ́yìn mi. Mo wo ilẹ̀ títí, sìmẹ́ńtì lásán ni mo rí.

Ẹkún wo là ń sun fún òkú láìpe oríkì ẹ̀? Èmi ò sì mọ oríkì ọba kankan. Ni mo bá ki ọkọ mi tó ti kú. Àkànní, ọkọ Mojí, ẹni tí kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi tí mo bá ti jẹ. Omijé gidi ló ń bọ́ lójú mi, Bọ̀wálé, gbogbo yín sì pàtẹ́wọ́.

Àṣé ẹ máa yọ ọba kúrò! Ẹ wá gbé ẹranko oníwo mẹ́ta síbẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀, èmi kúnlẹ̀ tì í, mò ń pè é ní Àkànní. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pa ẹranko yẹn nínú géèmù, láti Kétu dé Mile 12, ohùn mi ló ń gbọ́. Aunty Keziah, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, rí i lórí fóònù ọmọ wọn, wọ́n pè mí: "Mojí, ṣé ohun tí àbúrò mi jẹ́ sí ẹ nìyẹn?" Ojú mi ni. Ohùn mi ni.

Mo mọ̀, wàá tún ní ó ti jáde, Mummy, kò sí bá a ṣe lè kó o kúrò lórí fóònù aráyé. Mo ti gbọ́. Ṣé mò ń bá ẹ jà ni? Ó ti rẹ̀ mí. Oríkì tí mo fi ń jí i láràárọ̀ nìyẹn o, òun lọmọ aráyé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Tí mo bá ń kọjá ládùúgbò, wọ́n á ní Àkànní ti kú.

Gbà, fóònù mi rèé. Gbé géèmù yẹn sí i, kó o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbá a. Mi ò ní í lu ẹranko yẹn, màá kàn máa sá fún un ni. Ó kéré tán, lórí fóònù tèmi, Àkànní ò ní í kú.