Kì í Ṣe Èmi Ni Misak Wá Gbé

Hrair, ìwọ tí o gbé kámẹ́rà wá sílé mi ní Bèírúùtù, fi kọfí yẹn sílẹ̀ ná kí o gbọ́ mi. O ní o fẹ́ ṣe fíìmù ìfẹ́ èmi àti Misak ọkọ mi, bó ṣe wá mi kàn nínú aṣálẹ̀ lọ́dún tí ìjọba Tọ́kì ń lé àwa ará Àméníà kúrò nílé, tí wọ́n ń pa wá bí ẹran. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn náà. Irọ́ ni. Mi ò ní gbé e wọ sàréè. Sirvart ọmọ mi, má di ẹnu mi. Jókòó.

Arusyak ni Misak ń fẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni, ògiri kan ló pín ilé wa ní Kharpert, ìlú wa. Èmi náà fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, mo kàn ń gbé e mì ni. Nígbà tí wọ́n pa àwọn ọkùnrin ìlú wa, wọ́n dá Misak sí nítorí alágbẹ̀dẹ ni, òun ló ń kan irin sí pátákò ẹṣin àwọn ṣọ́jà. Àwa obìnrin ni wọ́n dà sọ́nà aṣálẹ̀. Ibẹ̀ ni ìyá mi kú sí. Nígbà tí ẹsẹ̀ Arusyak wú tí kò lè rìn mọ́, mo fà á lọ sí abẹ́ àpáta kan, mo mú agolo, mo lọ pọnmi fún un.

Etí odò ni mo ti rí Misak pẹ̀lú ìbaaka kan àti ẹ̀ṣọ́ kan. Ọ̀gá ṣọ́jà tó ń bá ṣiṣẹ́ ti gbà kó mú ẹnì kan ṣoṣo, ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Arusyak dà?"

Ahọ́n mi ò kọ́. Mo ní, "Ó ti kú. Èmi ni mo sin ín."

Ó jókòó sínú iyanrìn bí ọmọdé. Èmi ìkà, ìbaaka ni mò ń wò. Mo ní, "Ó ní bí o bá dé, kí o má fi mí sílẹ̀."

Ó dìde, ó fa ìbaaka wá. "Tó bá jẹ́ ohun tó fẹ́ nìyẹn, gùn ún."

Èyí tó burú jù ló kù. Iwájú àpáta yẹn ni ọ̀nà wa gbà. Mo ní ká yà síbòmíràn, ẹ̀ṣọ́ tó tẹ̀ lé wa kọ̀. Arusyak rí wa, ó pe Misak. Òùngbẹ ti gba ohùn rẹ̀, kò jọ ti ènìyàn mọ́. Misak dá ìbaaka dúró.

"Ta ló pè mí?"

"Ìyá kan ló ń pe ọmọ rẹ̀. Máa lọ, kí wọ́n má baà gbà mí lọ́wọ́ rẹ."

Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi bojú wẹ̀yìn. Arusyak na apá sókè. Agolo omi rẹ̀ wà lórí itan mi, ó kún.

Mi ò mọ bó ṣe kú. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó kú. Ní gbogbo Àjíǹde ni Misak ń tan àbẹ́là fún un títí òun náà fi lọ, èmi ni mo sì máa ń bá a ṣáná sí i.

Hrair, mo gbọ́ ohun tí o ń ráhùn pé, "Màmá, ìtàn yín bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn." Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀. Wá ọmọbìnrin tó máa ṣe Arusyak nínú fíìmù rẹ, kí o sì pe orúkọ rẹ̀ ketekete. Kó rẹwà, nítorí Arusyak rẹwà jù mí lọ.

Sirvart, dárí jì mí bí o bá lè. Bí o kò bá lè, má fi irọ́ tù mí nínú. Irọ́ ti tù mí nínú tó.