Ohun tí ọkọ̀ kò bá lè gbé

Fúnkẹ́, gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Àwọn wọ̀nyí lo ní wọ́n ń fi báàgì kan ṣoṣo rin ayé kiri? Wọ́n ń sùn sínú àgọ́, wọ́n ń dáná lórí iyanrìn, àwọn èèyàn sì ń yìn wọ́n... Ẹ gbọ́ o. Ohun tí èmi àti bàbá bàbá yín ṣe nìyẹn. Òṣì ni wọ́n pè é fún wa.

Nígbà tí ara mi ṣì le, ta ló ń gbé ojú kan? Ibi tí ẹja bá lọ là ń lọ. Láti Etikan, a ó máa wa ọkọ̀ tọ etí òkun lọ títí a ó fi kọjá Òde Ugbò. Ìkòkò kan, ẹní kan, àwọ̀n, àdá, ó tán. Ilé wa gan-an, igi ògùrọ̀ àti imọ̀ ọ̀pẹ ni, okùn la fi dì í. Bí òkun bá ti ń sún mọ́ wa, ọkọ mi á gbá òpó, á ní, "Tú u, ká lọ." Kí oòrùn tó mú, ilé ti wà nínú ọkọ̀. "Ohun tí ọkọ̀ kò bá lè gbé, kì í ṣe tiwa." Bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Mahintedo, ó wò mí tìyọ́nútìyọ́nú, ó ní, "Àbúrò mi, o ò mà ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì." Ọ̀rọ̀ yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mi ò jẹ́ kí ọkọ mi sinmi mọ́. Ṣé àwọn ọmọ wa ò ní ní ojúlé ni? Ṣé bá a ṣe máa kú sórí iyanrìn nìyí? Ó sú u. Ó ta ọkọ̀ ńlá tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó fi ra búlọ́ọ̀kù àti páànù, ó kọ́lé sétí òkun.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọrùn ni mo máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn kọ́.

Òkun ò bá wa jà o. Ó kàn ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, bó ṣe ń ṣe látọjọ́ tó ti wà. Àwọn aládùúgbò tó fi imọ̀ kọ́lé tú tiwọn, wọ́n kó o sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Àwa ń wò wọ́n. Kí la fẹ́ tú? Ṣé ògiri ni? Lọ́jọ́ tí yàrá iwájú wó, ọkọ mi dúró sínú omi tó dé orúnkún, ó wò mí. "Ìyá Adé, tú u, ká lọ." Kò pariwo. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ la bẹ̀ ká tó kúrò níbẹ̀. Kò sì tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ gidi kan mọ́ títí ó fi kú.

Kọ́kọ́rọ́ náà rèé. Ó ti dípẹtà.

Ní báyìí, Adé bàbá yín ti ń kó búlọ́ọ̀kù jọ sétí òkun. Ó ní ayé ti yí padà, ó ní símẹ́ńtì òde òní lágbára. Èmi ò ní bá a jiyàn, ó ti rẹ̀ mí. Ẹ ṣáà bá mi bi í ní ìbéèrè kan: ọkọ̀ rẹ̀ dà?