Ọ̀pá Ẹlẹ́yẹ Tí Olújídé Gbẹ́

Nígbà tí dókítà sọ fún Nímọ́tà pé àwọn máa là á níkùn láti yọ kókó tó wà níbẹ̀, kì í ṣe omijé ló kọ́kọ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Mùkáílà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí Masifa, ẹ bá mi pe Olújídé káfíńtà. Mo gbọ́ pé ó ti Àbíjàn dé láti wá kọ́ ibojì ìyá rẹ̀. Ẹ bá mi pe Bàbá Matthias, alàgbà ìjọ wọn, náà. Irọ́ kan wà lára mi tí mi ò fẹ́ gbé dórí tábìlì àwọn dókítà. Bí mi ò bá jí níbẹ̀, irọ́ náà á di òótọ́ títí láé." Mùkáílà kò jáfara. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Kó tó di ọ̀sán, àwọn méjèèjì ti jókòó ti ibùsùn rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀ ní Èjìgbò. Olújídé ti ń hewú lẹ́bàá etí. Ojú Bàbá Matthias ti ń ṣe bàìbàì. Nímọ́tà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe já lu ọ̀rọ̀ òun, nítorí bí òun bá dúró, òun ò ní lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ó mú ìtàn náà láti ọdún 1991, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wálé láti Àbíjàn níbi tí wọ́n bí i sí. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kan dé, ó sì gbé páálí eré kan dé. Ọmọ ilé tí ìyá rẹ̀ ti ń fọṣọ ló fún un nígbà tí àwọn ẹbí náà ń kó padà sí Faransé. Eré náà kò jọ lúdò, kò jọ ayò. Kò ní pátákó tí wọ́n ń ta á lé. Ẹnì kan ni yóò máa sọ ìtàn: ẹ ti dé ẹnu ihò àpáta, òjò ń rọ̀, nǹkan kan ń mí nínú òkùnkùn. Àwọn tó kù, oníkálukú ló ní èèyàn tirẹ̀ tó fọkàn dá, yóò sì sọ ohun tí èèyàn náà fẹ́ ṣe. Dáìsì ni yóò sọ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ìwé tó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, èdè Faransé ni, Nímọ́tà nìkan ló sì lè kà á nínú wọn. Ṣọ́ọ̀bù Olújídé lọ́nà Masifa ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, láàárín èérún pákó: òun, Olújídé, àti Fadékẹ́mi tí wọ́n jọ ń ránṣọ.

Nínú eré náà, èèyàn lè jẹ́ jagunjagun, ó lè jẹ́ olè, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ìwé pè ní magicien. Nímọ́tà rò ó títí kó tó rí orúkọ tí yóò pè é lédè wa. Ó ní onídán ni, bíi ti àwọn aláré tó ń di ọ̀nì, tó ń di ejò lójú agbo, tí ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ fún. Onídán kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ohun ìmúdání, ìyẹn ohun tí idán rẹ̀ yóò máa gbà jáde. Ibẹ̀ ni eré náà ti dùn jù. Fadékẹ́mi yan òrùka, ó ní kò ní dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Olújídé ò yára yàn. Ìbéèrè ló ń bi. Ṣé inú ọ̀pá ni agbára wà, àbí inú ọwọ́ tó dì í mú? Bí onídán bá gbàgbé ohun ìmúdání rẹ̀ sílé ńkọ́? Bí ọ̀tá bá jí i, ṣé yóò jẹ́ fún ọ̀tá? Bí wọ́n bá fi igi apá gbẹ́ ọ̀kan, tí wọ́n fi ìrókò gbẹ́ èkejì, ṣé idán kan náà ni yóò jáde lára wọn?

Ìwé ti dáhùn. Ó ní kí onídán yan ohun tó bá wù ú, pé agbára ọ̀kan kò ju ti èkejì lọ. Ṣùgbọ́n Nímọ́tà kò kà á bẹ́ẹ̀. "Mo ti rí bí ojú wọn ṣe ń tẹ̀ lé ẹnu mi," ó ní. "Bí mo bá ní ilẹ̀kùn ṣí, ó ṣí. Ó wá ń wù mí kí n máa wo ibi tó lè dé. Mo ní ìwé sọ pé bọ́ọ̀lù gíláàsì ló lágbára jù, pé òun ni kí Olújídé mú. Irọ́ kékeré ni. Òun ló kọ́ mi ní ti ńlá."

Olújídé kọ̀. Ó ní ọ̀pá ni òun fẹ́, kí ẹyẹ bà lé orí rẹ̀, nítorí onídán òun kò ríran dáadáa, ẹyẹ ni yóò máa bá a wo iwájú. Kò sì fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ó fi igi apá gbẹ́ ọ̀pá náà, ó fín ìyẹ́ ẹyẹ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, débi pé Fadékẹ́mi ní òun rò pé yóò fò. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí Nímọ́tà tún ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gíláàsì kà. Nímọ́tà ti gbàgbé irọ́ tó pa, ohun tó kà kò sì bá ti àkọ́kọ́ mu. Olújídé ní, "Nímọ́tà, ṣé ìwé tìrẹ yìí máa ń yí ọ̀rọ̀ padà lóru ni?" Fadékẹ́mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nímọ́tà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ le bí òkúta. "Ẹ wá wo ìkà èèyàn," ó ní. "Ẹ̀rín lásán ni mo dì sínú."

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan láti ìjọ Olújídé lọ wo àpótí ìjókòó tó ní kó kàn fún òun, ó sì rí ọ̀pá náà níbi tó fara ti ògiri. Ẹyẹ lórí ọ̀pá! Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn alàgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù, Bàbá Matthias ló ṣáájú wọn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọmọ mi, kí lèyí?"

"Bàbá, eré ni o. Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé wo? Ta ló lè kà á fún wa?"

Wọ́n ránṣẹ́ pe Nímọ́tà. Bí Olújídé ṣe rí i pé ó gbé ìwé náà bọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ sún àga fún un. Ìyá Olújídé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Nímọ́tà ṣí ìwé náà sí ojúewé náà gan-an.

Níbí ni Nímọ́tà ti gba omi mu lọ́wọ́ Mùkáílà. "Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ni," ó ní. "Mo rò pé bí wọ́n bá ní eré burúkú ni, èmi tí mo mú un wọ̀lú ni wọn ó dojú kọ, bàbá mi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í mọ sí ẹ̀rù, mo tún ń purọ́ nìyẹn. Ẹ̀rín ọjọ́sí wà níbẹ̀. Ohun kan sì tún wà níbẹ̀ tó burú jù ú lọ: mo fẹ́ mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mo bá sọ yóò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà, bó ṣe ń rí bẹ́ẹ̀ fún wa nínú eré."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yí padà. Níbi tó ti máa ń sọ pé onídán, ó ní oṣó. Níbi tó ti máa ń sọ pé ohun ìmúdání, ó ní ohun ìmúlẹ̀. Ó ní, "Ìwé sọ pé oṣó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ohun ìmúlẹ̀ rẹ̀."

Olújídé ní, "Nímọ́tà, kí lo wí yẹn?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ ni mo kà."

Òun fúnra rẹ̀ ló na ìwé náà sí àwọn alàgbà pé kí wọ́n sun ún, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ fún ẹlòmíràn tó gbọ́ Faransé. Wọ́n sun ìwé, wọ́n sun páálí, wọ́n sun ọ̀pá. Igi apá kò tètè jó. Orí ẹyẹ náà ló gbẹ̀yìn.

Wọ́n yọ Olújídé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í dá ohun tó ti kàn fún wọn padà: àga, àpótí, ibùsùn ìyàwó tuntun. Wọ́n kàn ń gbé e kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn ò bá a sọ̀rọ̀. Nímọ́tà máa ń dọ́gbọ́n gba ibẹ̀ kọjá. "Mo máa ń lọ wò ó," ó ní, "bí èèyàn ṣe ń lọ wo ibi tí odò kún dé." Nígbà tó ṣe, Olújídé di irinṣẹ́ rẹ̀, ó bá ọkọ̀ Àbíjàn lọ.

"Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù, ẹ ò tíì gbọ́ ọ. Olújídé, ìyá rẹ wá bá mi. Ọ̀sán ni, ó dá wá, ó ru iṣu wá láti oko. Ó ní, 'Nímọ́tà, ọmọ mi, mi ò bá ìjà wá o. Ìwọ lo ka ìwé yẹn. Ǹjẹ́ kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí, bí ẹni tó bá ti wọ̀ ọ́ ṣe lè jáde?' Kò sí alàgbà kankan níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wò mí. Ẹ̀rù ti lọ, ẹ̀rín ti lọ. Ká ní mo la ẹnu sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, ì bá ti parí. Mo ní, 'Ìyá, kò sí.' Ó ní, 'O ṣé, ọmọ mi.' Ó dìde, ó fi iṣu náà sílẹ̀ fún mi. Mo sè é jẹ."

Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí Olújídé bá fi ránṣẹ́ láti Àbíjàn, ìyá náà kò fọwọ́ kàn án. Aṣọ ni o, ọṣẹ ni o, ó ń fi tọrẹ fún ẹni tó bá ń kọjá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú.

Olújídé kò sunkún. Ó ní, "Nítorí ìwé yẹn ni mo ṣe kọ́ Faransé. Mo wá irú rẹ̀ títí ní Àbíjàn, mi ò rí i. Nígbà tó yá, èmi náà wá ń bi ara mi pé, àbí mo ti wọ nǹkan kan láìmọ̀? Mi ò gbẹ́ ẹyẹ mọ́ láti ìgbà náà."

Bàbá Matthias bo ojú. Ó ní, "Àwa náà ńkọ́? Ìlú tó kún fún ará Àbíjàn yìí, ẹnu ẹnì kan ṣoṣo la ti gbọ́ ọ, a sì dájọ́."

Nímọ́tà ní, "Olújídé, nítorí Ọlọ́run, dárí jì mí."

Olújídé dìde. "Lọ ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ. Má kú o. Bí o bá dé, ohun tí o sọ fún wa níbí, wàá sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti lé mi."

Nímọ́tà kò kú. Nígbà tó lè rìn, ó wé gèlè rẹ̀, ó da ìborùn lé e, ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ọmọ Alhaji, ó dúró níwájú gbogbo ìjọ, ó sì sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, kò fi ti iṣu pamọ́. Àwọn kan pòṣé. Àwọn kan ò lè gbé ojú sókè, nítorí àwọn náà ti gbé àga dá padà rí. Ó wá kọjú sí ibi tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó sí, ó ní, "Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè tí àwọn òbí yín ò gbọ́, tí wọ́n ń gbé ìwé lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ kà á fún àwọn, ojú wọn ni wọ́n yọ lé yín lọ́wọ́ yẹn. Ẹ má fi ṣeré. Ẹ má sì sọ pé ẹ kàn fẹ́ wò ó ni. Èmi náà kàn fẹ́ wò ó ni."

Lẹ́yìn ìsìn, ó bá Olújídé níta. Ó ní, "Ṣé o ti dárí jì mí?"

Olújídé ní, "Mò ń gbìyànjú rẹ̀. Má kán mi lójú."

Nímọ́tà ní òun gbọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí ojú abẹ náà ṣì ń dùn ún. Olújídé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì lọ.